Àdúgbò Ẹni Tó Ń Tan Iná

Ní Ìta Aláró, ẹni tó bá fẹ́ rí Tàjùdéèn ní ìrọ̀lẹ́ kì í wá a lọ sílé. Ilé Iná ni yóò gbà lọ tààrà. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni ọkùnrin yìí fi wà níbẹ̀ láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí di aago méjìlá òru, ọjọ́ Jímọ̀ ni o, ọjọ́ Ìsinmi ni o, ọdún Iléyá, ọdún Kérésì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé mi. Mo mọ ìró ìkọ́ rẹ̀, mo mọ ìró bàtà rẹ̀, mo mọ bó ṣe máa ń ṣí géètì jẹ́jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa jí. Ojú rẹ̀ gan-an ni mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí nílé.

Ilé Iná yìí, ti ìlú ni. Kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti olówó kankan. Nígbà tí iná tó ń ti òkèèrè wá kò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́, àwọn ọmọ Ọ̀fà nílé àti lẹ́yìn odi dáwó jọ, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, wọ́n kọ́ ilé fún wọn lẹ́bàá ojú irin, wọ́n sì na wáyà wọ àdúgbò mẹ́fà. Ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì náà ti dákẹ́ tipẹ́. Méjì tó kù kò lè gbé àdúgbò mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn la fi ń pín iná. Ìpín mẹ́ta ló wà lóòjọ́: láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà, láti mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, àti láti mẹ́sàn-án sí méjìlá. Ìpín àárín yẹn ni gbogbo ayé ń wá, nítorí ìgbà náà ni èèyàn ti wálé, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ọmọ ilé ìwé ń kàwé, tí àgbà ń gbọ́ ìròyìn. Àdúgbò márùn-ún ló ń bá ara wọn yí ìpín náà po ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Tiwa tó ṣe ìkẹfà kò yí rí. Aago mẹ́sàn-án ni tiwa, àfi tí epo dísù bá tán kí ó tó kàn wá, ó sì máa ń tán.

Òfin kan ló fà á. Òfin náà ní àdúgbò tí ẹni tó ń tan iná bá ń sùn sí ni kó máa gba ìpín tó kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ó ń fi iná ìlú ṣe ojúsàájú fún àwọn ará ilé rẹ̀. Òfin tó dára ni. Láti ọdún 2006 tí Ilé Iná ti bẹ̀rẹ̀, mi ò tí ì gbọ́ pé àdúgbò kan bá èkejì jà nítorí iná. Àlàáfíà wà ní ìlú. Àwa ará Ìta Aláró nìkan la jókòó sínú òkùnkùn tí à ń fún wọn ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ń dùn mí, kí n má bàa mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀. Èmi Barnabas, èmi ni mo dá òfin náà. Tíṣà ni mí nígbà náà, èmi sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ Ilé Iná. Ẹnjiníà kan ni wọ́n ń retí láti Kàdúná, wọ́n ti gba yàrá fún un lẹ́bàá Ọjà Owódé. Mo wá rò ó nínú ara mi pé tí mo bá ní kí àdúgbò rẹ̀ máa kẹ́yìn, àdúgbò kan ti bọ́ sílẹ̀ nínú àwọn tí yóò bá wa du ìpín àárín. Ọgbọ́n ni mo pè é. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ òdodo àti ìwà mímọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnjiníà náà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó rí iṣẹ́ mìíràn, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹni kan ṣoṣo tó kù ní ìlú tó mọ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni Tàjùdéèn, tó ti ṣiṣẹ́ ní rélùwéè kí wọ́n tó dá òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Aládùúgbò mi. Ògiri kan ṣoṣo.

Ó wà níbi ìpàdé ọjọ́ náà, ó ń bá wọn so wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì gbọ́ mi ketekete. Nínú gbogbo ará Ìta Aláró, òun nìkan ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí mi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà wá, nígbàkúùgbà tí àwọn aládùúgbò bá ń ṣépè fún ẹni tó dá òfin burúkú yìí, tí èmi náà ń mi orí bí ẹni pé ó dùn mí jù wọ́n lọ, Tàjùdéèn á kàn máa wo ilẹ̀. Ìwòlẹ̀ yẹn ti lù mí ju èpè lọ.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, èmi ni mo máa ń gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́, nítorí orúnkún ń dun Asiata, ìyàwó rẹ̀. Ẹ ò tí ì rí ibi tó gbóná tó ibẹ̀. Òórùn epo á ti pàdé èèyàn lójú ọ̀nà, ariwo ẹ́ńjìnnì á sì bo ohun tí èèyàn ń rò lórí. Tàjùdéèn á ki òwú sí etí méjèèjì, á bọ́ bàtà, á sì fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí kankéré. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í wọ bàtà.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì, Tíṣà. Etí mi ti bàjẹ́. Tí nǹkan kan bá fẹ́ ṣe é, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀."

Kí ó tó gba iná lọ́wọ́ àdúgbò kan, á fun fèrè ńlá tó wà lórí òrùlé lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé kí wẹ́dà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, kí alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ olóhun. Á dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á ka àwọn ìṣẹ́jú náà lójú aago, lẹ́yìn náà ni yóò tó fa ọwọ́ irin tó ń yí iná sí àdúgbò mìíràn. Mi ò rí i kó fi ọ̀kan dín nínú márùn-ún náà rí. Lẹ́yìn ìyẹn á jókòó sórí àpótí, á ṣí kúlà, á máa jẹun láìsí adùn lójú rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Tíṣà," ó sọ fún mi lọ́dún tó kọjá. "Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sùn tí ó ń lọ."

Ọmọ ọdún márùnlélọ́gọ́ta ni nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ ìwé pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo bá a kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, kí ó lè dùn ún kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbìmọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn ní oṣù mẹ́ta sí i. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kì í dúró. Kamaldeen kọ́ ọ fún ọdún kan àbọ̀, ó mọ̀ ọ́n tán, ó wọkọ̀ lọ sí Àbújá, kò tilẹ̀ dágbére.

Asiata ló yẹ ká káàánú jù. Aṣọ ló ń rán, híjáàbù àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé kéwú. Habeeb ọmọ wọn fi ẹ̀rọ ìránṣọ oníná ránṣẹ́ sí i láti Lẹ́gọ̀s ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú páálí rẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ wa ti àtijọ́ lọ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní ọjọ́ tí bàbá Habeeb bá fẹ̀yìntì, tí iná bá ń dé ní ìrọ̀lẹ́ bíi ti ọmọlúàbí, ọjọ́ náà lòun yóò tú u. Òun á máa ránṣọ, ọkọ òun á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lábẹ́ gílóòbù, òun á sì máa wo ojú rẹ̀. Kò fẹ́ ju ìyẹn lọ láyé. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé, "Ọkọ tí mo fẹ́, ìró bàtà ni mo fi ń dá a mọ̀."

Olúwafikáyọ̀mi ló wá gbà wá, tàbí ká sọ pé a rò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ará ọ̀nà Ojoku ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé gíga, kò gbéra ga, kò bẹ̀rù epo. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tó dé Ilé Iná, ó rí Tàjùdéèn tó bọ́ bàtà, òun náà bọ́ tirẹ̀. Ọdún méjì ló fi kọ́ṣẹ́. Ìgbìmọ̀ wá kéde pé ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, kí Tàjùdéèn máa lọ sinmi. Ayọ̀ wọ Ìta Aláró. Àdúgbò ọ̀nà Ojoku ni yóò máa kẹ́yìn, a ó wá bọ́ sínú yíyí. Alhaja Khàdíjàt tó ń ta omi tútù níwájú ilé wa ra fírísà kejì sílẹ̀. Asiata ra òwú ìránṣọ aláwọ̀ méje.

Ìgbà náà ni Tìmílẹ́yìn ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọnà, wá jókòó tì mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Mo ní kí Ọlọ́run gba ọpẹ́, ta ni?

"Fikáyọ̀mi ni, Daddy."

"Fikáyọ̀mi wo?"

"Èyí tó wà ní Ilé Iná."

Mo yọ̀ fún ọmọ mi, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yọ̀ ni mo ń ronú ibi tí wọn yóò máa sùn. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ilé mi ni wọ́n fẹ́ máa gbé. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ búlúù: àdúgbò tí ẹni náà bá ń sùn sí.

Àwọn ọmọ náà gbìyànjú. Wọ́n wá ilé kiri Ọ̀fà kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ibi tí wọ́n bá dé, onílé á gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín, á fi ilé ìdáná hàn wọ́n, á wá béèrè iṣẹ́ tí ìyàwó ń ṣe. Bí ó bá ti gbọ́ Ilé Iná báyìí, yàrá náà ti ní ẹni tó gbà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ilé mẹ́sàn-án ni wọ́n dé. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ máa gbé Ìlemọnà, ọmọbìnrin náà sì béèrè bóyá láti Ìlemọnà lòun yóò ti máa sáré bọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣègbéyàwó ní Sátidé kejì oṣù kẹsàn-án náà nìyẹn, tí ìyàwó sì wọlé sí ilé mi.

Alhaja Khàdíjàt kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ó dúró níwájú fírísà tuntun rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Tíṣà, ṣé ọmọbìnrin tán ní Ọ̀fà ni?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Alhaja."

"Sùúrù? Ọdún mọ́kàndínlógún! Ẹni tó dá òfin yẹn, Ọlọ́run ló máa bi í."

Mo mi orí mi bí mo ṣe máa ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò ti ń kí ìyàwó ọmọ mi láìwo ojú rẹ̀. Tó bá lọ fa omi ní kànga, ẹni tó wà níbẹ̀ á dákẹ́. Ọmọ tí kò tí ì lo oṣù kan nílé ọkọ. Ìtìjú bò mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń yẹra fún un nínú ilé ara mi.

Mo gbé kúlà lọ bá Tàjùdéèn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í bóyá yóò tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ara àwọn èèyàn á rọlẹ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó yọ òwú kan kúrò ní etí.

Ó ní, "Tí mo bá dúró, a kẹ́yìn. Tí mo bá lọ, a kẹ́yìn. Tíṣà, ẹ jẹ́ n lọ."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, ìgbìmọ̀ pe ìpàdé ìdágbére ní gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn Ilé Iná. Aṣojú àdúgbò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Àwa ará Ìta Aláró náà wá yẹ́ ẹni wa sí, Asiata wà níwájú, Alhaja Khàdíjàt jókòó lẹ́yìn mi. Wọ́n fún un ní aago ògiri tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Olóyè Oyètúndé tó jẹ́ alága yìn ín títí, ó wá bi í pé kí ni ohun kan tó fẹ́ kí ìlú ṣe fún un.

Tàjùdéèn dìde pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fagi lé òfin ìpín tó kẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ kí Ìta Aláró máa bá yín yí i. Èmi ti jẹ tèmi. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kórìíra rẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín."

Olóyè Oyètúndé pa fìlà rẹ̀ dà, ó tún un pa dà. Ó ní ohun tó wúwo ni Bàbá Habeeb béèrè. Ó ní òfin yẹn ni kò jẹ́ kí á jà láti ọjọ́ yìí wá, tí a bá sì yọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tí àdúgbò ẹni tó ń tan iná bá wà ní ìpín àárín, ṣé àwọn yòókù á gbà pé kò sí àbòsí? Orí ń mì káàkiri gbọ̀ngàn. Mo wo Asiata, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lórí itan. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Mo ní, "Èmi ni mo dá òfin náà. Kì í ṣe nítorí òdodo. Ojúkòkòrò ni. Mo rò pé ẹlòmíràn ni yóò máa jókòó sókùnkùn, kí tiwa lè tètè máa kàn. Bàbá Habeeb mọ̀, kò sì tú mi fó rí. Ẹ bá mi yọ ọ́."

Mo gbọ́ tí Alhaja Khàdíjàt mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Olóyè Oyètúndé yíjú sí mi.

"Tíṣà," ó ní, "nítorí ta lẹ ṣe ń sọ ọ́? Ṣé Ìta Aláró ni àbí ìyàwó ọmọ yín?"

Ká ní mo ti sọ ọ́ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bóyá wọn ì bá gbọ́. Wọ́n dìbò. Aṣojú márùn-ún ní kí òfin dúró, aṣojú wa nìkan ló ní kí ó lọ. Tàjùdéèn dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó dúpẹ́ o, mo gbọ́ ọ, ó sì gbé aago rẹ̀ sí abíyá.

Ní ọjọ́ kejì, Jímọ̀, tí í ṣe ọjọ́ kìíní ìsinmi rẹ̀, Asiata ṣì tú páálí ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Ó ní òun ti ṣe ìlérí, òun ò sì ní jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ba ìlérí òun jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ tuntun sórí tábìlì ní ìta ilé, ó ki òwú búlúù sí i, ó so wáyà rẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí iná nínú rẹ̀. Tàjùdéèn jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú jalabíà funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán sórí sìmẹ́ńtì. Mo gbé àga mi jáde, nítorí mo rò pé tí mo bá sá pa mọ́ lónìí, mi ò ní lè jáde mọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́fà, fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀nà ojú irin. Olúwafikáyọ̀mi ni. Tàjùdéèn ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti nà síwájú, kó tó rántí pé kò sí nǹkan tó fẹ́ fà. Ó jókòó padà. Ètè rẹ̀ ń ka ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tó kà á tán, iná dé sí ọ̀nà Ojoku, a sì gbọ́ ariwo àwọn ọmọdé níbẹ̀.

"Ó dúró pé márùn-ún," ó ní. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Tàjùdéèn àti Asiata lọ kírun Màgáríbì, wọ́n dé. Ilẹ̀ ṣú. Ooru sọ̀ kalẹ̀ bo gbogbo wa, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó rọra má tẹ ọmọ ìkókó. Alhaja Khàdíjàt, tí kò tí ì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó ń bu omi dídì tó ti yọ́ kúrò nínú fírísà rẹ̀ sí kòtò, abọ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Asiata fi ọwọ́ wá abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, abẹ́rẹ́ náà jábọ́, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ kiri.

Tàjùdéèn ń wo gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" ó béèrè.

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìlú ti fi òfin sọ ọ́ di ará òkùnkùn láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n ibi tó máa ń wà ní àsìkò yìí, gílóòbù mẹ́jọ ló ń tàn níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò jókòó sínú ìrọ̀lẹ́ wa rí.

"Bó ṣe máa ń rí nìyí, Bàbá Habeeb," Asiata dáhùn láti ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó ní. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mi ò mọ̀ o, Ìyá Habeeb."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, òun náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ pa ilẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọn ò rí abẹ́rẹ́ náà. Asiata wá mú fóònù kékeré rẹ̀ kúrò nínú ìdí ìró, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Dípò kó tàn án sílẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ló tàn án sí. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ ti darúgbó o," ó ní.

Ó pa tọ́ọ̀ṣì náà kí bátìrì má bàa tán, nítorí aago mẹ́sàn-án ṣì jìnnà.